Mo Fi Kọ̀ǹpútà Pa Ìyá Ọ̀rẹ́ Mi

Wọ́n ní bí èèyàn bá jẹ́wọ́, ọkàn rẹ̀ á fúyẹ́. Irọ́ ni. Mo ti jẹ́wọ́ fún ẹni mẹ́rin kí n tó máa sọ ọ́ fún ẹ̀yin tí ẹ ń ka ìwé ìròyìn yìí, ọkàn mi kò fúyẹ́. Kò kúkú wúwo náà. Ó kàn wà níbẹ̀ ni, bí ẹsẹ̀ tí èèyàn jókòó lé títí tí kò fi mọ nǹkan kan mọ́.

Rùkáyàt lorúkọ mi, n kò yí i padà. Ọmọ Igangan ni mí. Lọ́dún 1996, mò ń ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà, ní ọ́fíìsì kan tó ń pín igi ẹ̀gẹ́ tuntun fún àwọn àgbẹ̀ Ìbàràpá. Ìbàdàn ni olú iléeṣẹ́ wa wà. Èmi ni mo wà nídìí kọ̀ǹpútà.

Ọmọ́ṣọlá ni ọ̀rẹ́ mi. Ọmọ Lánlátẹ̀ ni, òun ló máa ń lọ bá àwọn àgbẹ̀ lóko. Òun ló gbọ́ pé ààyè iṣẹ́ ṣí sílẹ̀, tó wá bá mi nílé, tó ní kí n dìde kí n wọṣọ. Oṣù mẹ́fà àkọ́kọ́, yàrá rẹ̀ ni mo ń sùn. Bí ìyá rẹ̀ bá fi láfún ránṣẹ́ sí i láti Lánlátẹ̀, ìyá náà á di tèmi lọ́tọ̀.

Ní oṣù kejì ọdún náà, Ìbàdàn ní àwọn fẹ́ máa fi ímeèlì bá wa sọ̀rọ̀. Wọ́n rán ẹnjiníà kan wá, Búrẹ́mọ̀, pẹ̀lú àpótí kékeré kan tí wọ́n ń pè ní módẹ́ẹ̀mù. Tẹlifóònù kan ṣoṣo la ní. Búrẹ́mọ̀ so módẹ́ẹ̀mù mọ́ tẹlifóònù, ó so ó mọ́ kọ̀ǹpútà mi, ó jẹ iyán, ó wọkọ̀, ó lọ. Ó ní èmi ni kí n so àwọn mẹ́rin tó kù.

Àwọn mẹ́rin tó kù! Kọ̀ǹpútà tí Ìbàdàn ti lò gbó kí wọ́n tó fi ta wá lọ́rẹ. Wáyà dúdú kan ló so gbogbo wọn pọ̀ láti tábìlì dé tábìlì. Bí ẹnì kan bá fẹsẹ̀ kọ wáyà yẹn, gbogbo ọ́fíìsì á dákẹ́, wọ́n á sì máa pariwo orúkọ mi. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta ni mo fi ń rá pálá lábẹ́ tábìlì. Àmọ́ mo ṣe é. Láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́, kọ̀ǹpútà mi á pe Ìbàdàn, á kó lẹ́tà wálé, á sì pín in sí àpótí oníkálukú.

Oníkálukú ní láti ní ọ̀rọ̀ àṣírí tí yóò máa fi ṣí àpótí tirẹ̀. Ibẹ̀ ni wàhálà wà.

"Àṣírí kí ni mo ní?" Alàgbà Babáwálé, mánéjà wa, bi mí. "Mi ò ní àṣírí o, Rùkáyàt. Fi tèmi sílẹ̀ gbayawu."

"Ẹ gbọ́dọ̀ ní in, sà. Ọ̀rọ̀ tí ẹ ò ní gbàgbé ni."

"Mo máa gbàgbé ẹ̀."

Mo wá dọ́gbọ́n kan. Mo ní kí oníkálukú fi oríkì rẹ̀ ṣe é. Ta ni yóò gbàgbé oríkì ara rẹ̀? Inú gbogbo wọn dùn. Alàgbà fi Àjàní, Ọmọ́ṣọlá fi Àbẹ̀kẹ́, àwọn tó kù náà fi tiwọn. Kò sẹ́ni tó rántí pé kò sí bí ìyá èèyàn ṣe lè yà sí ọ́fíìsì wa kó má fi oríkì kí ọmọ rẹ̀ létí gbogbo wa. Ìyá Ọmọ́ṣọlá kì í tilẹ̀ pè é lórúkọ. Láti ẹnu géètì la ti máa ń gbọ́ "Àbẹ̀kẹ́ o!"

Ní oṣù karùn-ún, Ìbàdàn kéde pé àwọn yóò rán ẹnì kan ṣoṣo lọ sí Hóláǹdì fún oṣù mẹ́fà, láti lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń fi kọ̀ǹpútà tọ́jú àkọsílẹ̀ àwọn àgbẹ̀. Ẹni náà, bó bá dé, Ìbàdàn ni yóò ti máa ṣiṣẹ́, nípò ọ̀gá. Èmi àti Ọmọ́ṣọlá jọ kún fọ́ọ̀mù lórí tábìlì mi.

"Ẹni yòówù tí wọ́n bá mú nínú àwa méjèèjì, ilé kan náà ló wọ̀," Ọmọ́ṣọlá wí.

Mo ní àmín. Èmi ni mo mọ̀ pé wọ́n máa mú. Ṣebí èmi ni mo kọ́ ọ ní kíbọ́ọ̀dù. Ìka kan ṣoṣo ló fi ń tẹ̀ ẹ́, á máa wá lẹ́tà kọ̀ọ̀kan bí ẹni ń wá abẹ́rẹ́.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun kan ní oṣù kẹfà, èsì wọlé. Ọmọ́ṣọlá ni wọ́n kọ ọ́ sí. Àmọ́ kọ̀ǹpútà mi ni gbogbo lẹ́tà kọ́kọ́ ń bà sí, mo sì rí àkọlé rẹ̀ pé ọ̀rọ̀ Hóláǹdì ni. Ọmọ́ṣọlá wà lóko ní Tápà. Mo tẹ Àbẹ̀kẹ́, àpótí rẹ̀ ṣí.

Wọ́n mú Ọmọ́ṣọlá. Wọ́n ní bó ṣe mọ àwọn àgbẹ̀ ló wu àwọn, pé kọ̀ǹpútà ṣeé kọ́. Kó fèsì láàárín ọjọ́ mẹ́wàá. Bí kò bá lè lọ, Rùkáyàt Àkíbù ló kàn.

Mo kà á lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Kò dùn mí tó bí ẹ ṣe lè rò. Nǹkan kan nínú mi kàn dákẹ́, bí ìgbà tí wáyà bá já lábẹ́ tábìlì. Mo gbé lẹ́tà náà kúrò nínú àpótí rẹ̀, mo fi pa mọ́ sórí kọ̀ǹpútà tèmi. Mo sọ fún ara mi pé n kò pa á rẹ́, pé mo kàn fẹ́ bá a tọ́jú rẹ̀ di ìrọ̀lẹ́ ni.

Ìrọ̀lẹ́ dé, Ọmọ́ṣọlá ti Tápà dé, eruku pupa bò ó dé ìpéǹpéjú.

"Rùká, ṣé ó ti dé?"

"Kò tíì dé."

"Bóyá láìnì ni ò lọ."

"Láìnì ò lọ dáadáa," ni mo wí.

Bó ṣe rọrùn tó nìyẹn. Gbogbo ayé ló mọ̀ pé láìnì kì í lọ. Lọ́jọ́ kejì ó tún bi mí, mo tún sọ bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ kẹta, ó ra àkàrà wá fún mi láàárọ̀, ó ní kí n rọ́jú, pé òun mọ̀ pé mò ń bá ẹ̀rọ náà wọ̀yá ìjà nítorí òun. Mo jẹ àkàrà náà. Ó ṣì gbóná.

Lọ́jọ́ kẹjọ, Ìbàdàn tún kọ̀wé sí i, mo tún gbé e pa mọ́. Ṣé Ọmọ́ṣọlá rí lẹ́tà àkọ́kọ́? Ìgbà yẹn ni mo rí i pé dídákẹ́ nìkan kò tó. Bí kò bá fèsì, wọ́n á bi Alàgbà léèrè. Ẹnì kan gbọ́dọ̀ dá wọn lóhùn.

Ọjọ́ kẹwàá bọ́ sí Ọjọ́bọ̀. Ọmọ́ṣọlá ti tọrọ àyè lọ́wọ́ Alàgbà, ó ti lọ bá ìyá rẹ̀ tajà ní Lánlátẹ̀. Mo jókòó sídìí kọ̀ǹpútà rẹ̀, mo tẹ oríkì rẹ̀, mo kọ ọ́ lórúkọ rẹ̀ pé òun dúpẹ́, inú òun dùn, ṣùgbọ́n òun kò lè lọ mọ́.

Kí ló dé tí kò fi lè lọ? Mo ronú. Bí mo bá ní ara rẹ̀ kò yá, wọ́n á ní kó lọ rí dókítà. Bí mo bá ní àfẹ́sọ́nà rẹ̀ kò gbà, wọ́n á ní kó mú un wá. Ikú nìkan ni èèyàn kì í wádìí. Mo kọ ọ́ pé ìyá òun papò dà lọ́sẹ̀ tó kọjá, pé àwọn àbúrò òun kò ní ẹlòmíràn, kí wọ́n jọ̀wọ́ fún ẹni tó kàn láyè náà.

Mo tilẹ̀ kà á padà, mo tún ọ̀rọ̀ kan tí mo ṣì kọ ṣe. Mo fi ránṣẹ́, mo pa á rẹ́ lórí ẹ̀rọ, mo lọ mu omi.

Lọ́jọ́ kejì, òjò wó òpó tẹlifóònù lọ́nà Èrúwà. Láìnì kú pátápátá. Ọjọ́ mẹ́fà gbáko, lẹ́tà kankan kò wọlé, ìkankan kò sì jáde. Mo gbádùn ọjọ́ mẹ́fà yẹn. Bí Ọmọ́ṣọlá bá bi mí, òótọ́ ni mò ń sọ fún un.

Ohun tí mo gbàgbé rè é. Ẹ̀rọ ló ń gbé lẹ́tà, àmọ́ ọmọ Yorùbá ló wà ní Ìbàdàn tó ń kà á. Ẹ sọ fún ọmọ Yorùbá pé ìyá ẹnì kan tí wọ́n jọ ń ṣiṣẹ́ kú, ẹ wá rò pé á jókòó sí Ìbàdàn kó máa tẹ kíbọ́ọ̀dù? Wọ́n pè wá, láìnì ò lọ. Wọ́n bá múra, wọ́n wá.

Lọ́jọ́rú, píjò funfun kan dúró níwájú ọ́fíìsì. Ọ̀gbẹ́ni Akínladé, ọ̀gá tó ń rí sí ìdálẹ́kọ̀ọ́, bọ́ sílẹ̀ pẹ̀lú akọ̀wé rẹ̀, Àǹtí Salome. Dúdú ni àwọn méjèèjì wọ̀. Kíréètì mínírà méjì àti àpò ìrẹsì kan wà nínú búùtù.

Alàgbà ti lọ ṣèpàdé. Ọmọ́ṣọlá wà lóko ní Tápà. Èmi ni mo dìde kí wọn.

"Rùkáyàt, ẹ kú àdánù o," Ọ̀gbẹ́ni Akínladé wí. "Fóònù yín ò wọlé, a ní ká kúkú wá fúnra wa. Ọ̀rẹ́ ẹ ńkọ́?"

"Ó lọ sóko, sà."

"Pẹ̀lú ọ̀fọ̀ lọ́rùn?" Ó mi orí. "Ọmọ dáadáa ni. Ó dáa, mú wa lọ sílé wọn ní Lánlátẹ̀, ká kí àwọn ẹbí. Ṣé o mọ ibẹ̀?"

Mo lè ní n kò mọ ibẹ̀. Mo lè ní inú ń run mí. Mo lè kúnlẹ̀ síbẹ̀ kí n jẹ́wọ́ fún ẹni méjì péré. Ohun tí mo ṣe ni pé mo mú báàgì mi, mo ti ilẹ̀kùn, mo wọ mọ́tò.

Àǹtí Salome kò dákẹ́ lójú ọ̀nà. "Ṣé màmá náà ti dàgbà?"

"Wọn ò tíì dàgbà púpọ̀, mà."

"Ó mà ṣe o. Kí ló ṣe wọ́n?"

"Àìsàn ráńpẹ́ ni, mà."

Mò ń gbọ́ ohùn ara mi bí ẹni pé ẹlòmíràn ló ń sọ ọ́. A kọjá Èrúwà. Mò ń wo oko ẹ̀gẹ́ lápá ọ̀tún, mò ń ka ebè. Mò ń retí kí ẹ̀rù bà mí, kò bà mí. Nígbà tí a dé Lánlátẹ̀, mo ní, "Ẹ yà sósì níbí."

Ìyá Ọmọ́ṣọlá wà lẹ́yìnkùlé, ó ń sá láfún. Ó gbọ́ mọ́tò, ó jáde, ọwọ́ rẹ̀ funfun dé ìgùnpá.

"Àjọkẹ́!" Oríkì tèmi nìyẹn. "Àjọkẹ́ mi, ṣé dáadáa lo wà? Ẹ káàbọ̀ o, ẹ̀yin àlejò. Ẹ jókòó, kí n bu omi wá."

Àwọn àlejò mi rò pé ìbátan òkú ni. Ọ̀gbẹ́ni Akínladé ṣí fìlà. "Màmá, ẹ kú ọ̀fọ̀ o. Ẹ kú ìrọ́jú. Ọlọ́run á dáwọ́ ibi dúró."

Ìyá dúró. "Ọ̀fọ̀ ta ni?"

"Ọ̀fọ̀ ìyá Ọmọ́ṣọlá, mà. Láti ọ́fíìsì wọn ní Ìbàdàn la ti wá."

"Ọmọ́ṣọlá wo?"

"Èyí tó ń ṣiṣẹ́ ní Igbó-Ọrà, mà. Ìyá tó bí i lọ́mọ la wí."

"Èmi ni mo bí i," ìyá wí. "Nínú ilé yìí náà ni. Òjò ń rọ̀ lọ́jọ́ náà."

Àǹtí Salome ké "Jésù!" ó fẹ̀yìn rìn títí ó fi kọlu mọ́tò. Ìyá kọ́kọ́ rẹ́rìn-ín. Ó na ọwọ́ láfún sí i, ó ní, "Ẹ bọ̀ mí lọ́wọ́, kí ẹ wò ó bóyá ó tutù." Kò sẹ́ni tó bọ̀ ọ́ lọ́wọ́. Ẹ̀rín náà tán lójú rẹ̀ díẹ̀díẹ̀.

Ọ̀gbẹ́ni Akínladé yọ lẹ́tà náà lápò. Wọ́n ti tẹ̀ ẹ́ sórí pépà. Ó ń tú u sí Yorùbá fún un ní gbólóhùn kọ̀ọ̀kan, ohùn rẹ̀ ń lọ sílẹ̀ bó ṣe ń kà á lọ.

"Ọmọ mi ló kọ èyí?" ìyá bi í. "Àbẹ̀kẹ́ ló kọ ọ́ pé mo kú?"

"Orúkọ rẹ̀ ló wà nísàlẹ̀, mà."

Mo dákẹ́. Ẹ jẹ́ kí n sọ ọ́ bó ṣe rí: ní ìṣẹ́jú yẹn, mo fẹ́ kó gbà pé ọmọ òun ló kọ ọ́. Nínú gbogbo ohun tí mo ṣe, èyí ló burú jù, ó burú ju lẹ́tà náà lọ.

"Ọjọ́ wo ló kọ ọ́?" ìyá bèèrè.

"Lọ́jọ́bọ̀ tó kọjá, mà. Aago mẹ́wàá òwúrọ̀ kọjá ìṣẹ́jú mẹ́fà. Ẹ̀rọ ló máa ń kọ àkókò síbẹ̀ fúnra rẹ̀."

Mo mọ̀ pé ẹ̀rọ ń kọ àkókò. N kò rò pé ẹnikẹ́ni yóò wò ó, pàápàá ẹni tí kò mọ̀wé. Ìyá bẹ̀rẹ̀ sí í fi ìka ṣírò. Ó ka ọjà ìjẹta, ó ka èyí tó ṣáájú rẹ̀. Kò lè ka lẹ́tà, àmọ́ kò sí ọjọ́ ọjà tó lè sọnù mọ́ ọn lọ́wọ́.

"Ọjọ́ ọjà wa ni," ó wí. "Òun ló bá mi ru láfún débẹ̀. Ní aago mẹ́wàá tí ẹ wí yìí, ìdí ìsọ̀ mi ló jókòó sí, tó ń bá mi wọn ọjà fún àwọn oníbàárà." Ó gbójú sókè. "Bí ọmọ mi bá wà lọ́jà, ta ló ń jókòó ti ẹ̀rọ yín?"

Ọ̀gbẹ́ni Akínladé yíjú sí mi. Àǹtí Salome yíjú sí mi. Dírẹ́bà pàápàá yọrí lójú fèrèsé mọ́tò.

"Àjọkẹ́," ìyá wí, kò pariwo rárá, "ìwọ lo pa mí?"

"Èmi ni, mà."

N kò kúnlẹ̀. Àwọn èèyàn sọ lẹ́yìn náà pé ìgbéraga ló ń dà mí láàmú. Kì í ṣe ìgbéraga. N kò mọ ibi tí ẹsẹ̀ mi wà ni.

Ìyá lọ bu omi fún àwọn àlejò, ó gbé e fún wọn lọ́kọ̀ọ̀kan, kò fún mi. Ó wọlé, ó ti ilẹ̀kùn. Ìrẹsì òkú náà ṣì wà nínú búùtù nígbà tí a ń padà.

Nírọ̀lẹ́, Ọmọ́ṣọlá bá mi ní ọ́fíìsì níbi tí mo ti ń kó ẹrù mi sínú páálí. Alàgbà ti sọ gbogbo rẹ̀ fún un.

"Ṣé nítorí Hóláǹdì ni?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"O lè ní ẹsẹ̀ mi kán, Rùká. O lè ní mo lóyún. Kí ló dé tó fi jẹ́ ìyá mi?"

Mo sọ òótọ́ fún un. "Mo rò pé kò sẹ́ni tó máa wádìí ẹ̀."

"Ìyá mi tó ń di láfún tìẹ lọ́tọ̀." Ó jókòó sórí àga mi, ó sunkún títí èjìká rẹ̀ fi ń mì. Mo dúró, mò ń wò ó. Mo mọ̀ pé ó yẹ kí n sunkún. Mo dúró de ẹkún náà, kò wá.

Wọ́n ní kí n kọ̀wé fi iṣẹ́ sílẹ̀, mo kọ ọ́. Ààyè Hóláǹdì, n kò rí i gbà, Ọmọ́ṣọlá náà kò rí i gbà. Kí wọ́n tó yọ orúkọ mi, ọjọ́ ti kọjá, ẹlòmíràn láti ìpínlẹ̀ mìíràn ti gba ibẹ̀. Wọ́n ní kí Ọmọ́ṣọlá fara balẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀. Kí ọdún náà tó dé, àwọn tó ń gbọ́ bùkátà iṣẹ́ náà ti lọ, wọ́n ti ọ́fíìsì pa. Iléèwé alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lánlátẹ̀ ni Ọmọ́ṣọlá ti ń kọ́ àwọn ọmọ títí di òní.

Mo lọ bẹ ìyá rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì. Nígbà àkọ́kọ́, kò jáde sí mi. Nígbà kejì, ó jáde, ó ní òun ti dárí jì mí, ṣùgbọ́n kí n má wá mọ́.

Olóòtú ní kí n fi ẹ̀kọ́ kan kún ìtàn mi. Ẹ̀kọ́ tí mo ní kò pọ̀. Bí ohun tó tọ́ sí ọ̀rẹ́ yín bá wọ̀ yín lójú, ẹ sọ fún un lójúkojú pé ó wọ̀ yín lójú. Ìtìjú rẹ̀ kì í ju ọjọ́ kan lọ. Ẹ má sì bá ẹnikẹ́ni ṣí lẹ́tà, bó ti wù kó rọrùn tó. Ẹ̀kọ́ yẹn ló tán.

Ìyá Ọmọ́ṣọlá kú lóòótọ́ ní oṣù kẹwàá ọdún 1998. Ẹ̀jẹ̀ ríru ni. Igangan ni mo wà nígbà tí mo gbọ́. N kò lè lọ láìgba àyè, mo bá bẹ Alàgbà Babáwálé pé kó bá mi bi Ọmọ́ṣọlá bóyá mo lè wá kí i. Lọ́jọ́ kejì tí Alàgbà ń bọ̀ wá jíṣẹ́, mo ti wọ aṣọ dúdú, mo ti mú ìborùn, mo ti ra ohun tí mo máa gbé lọ. Mo jókòó sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa, mò ń dúró dè é.

"Kí ló wí, sà?"

Alàgbà bọ́ fìlà, ó ń yí i lọ́wọ́. Kò wò mí lójú.

"Ó ní kí n kí ọ. Ó ní kó o má yọ ara ẹ lẹ́nu. Ó ní o ti mú àwọn ará Ìbàdàn wá kí ẹbí òun kú ọ̀fọ̀ ìyá òun nígbà tí ìyá òun ṣì wà láyé."

Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ Alàgbà. Mo wọlé, mo bọ́ aṣọ náà.